Ojú Mẹ́rìndínlógún: Lílo Àgbákò fún Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Kíláàsì Àwọn Ọmọ Kékeré

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí olùkọ́ Yorùbá ṣe lè fi ẹ̀dá abàmì inú ìwé àròsọ kọ́ àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí méje ní iṣẹ́ ọwọ́ àti èdè. A mú agbègbè Mowe àti Ibafo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe àpẹẹrẹ. Níbẹ̀ ni Redemption Camp wà, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ tí ìjọ Rìdíìmù gbà ní 1983. Bí olùkọ́ bá dárúkọ iwin ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, òbí lè béèrè pé irú ẹ̀kọ́ wo nìyí. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí olùkọ́ ní èsì.

Èsì wa ni pé ohun tí à ń sìn yàtọ̀ sí ohun tí òǹkọ̀wé finú rò. Egúngún ní àwọn tí ń sìn ín, ó sì ní èèwọ̀. Nítorí náà, a kò gba olùkọ́ níyànjú láti fi í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé. Ti Àgbákò kò rí bẹ́ẹ̀. Inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ni ó ń gbé. Olùkọ́ ni Fágúnwà, Onígbàgbọ́ sì ni pẹ̀lú.

Fágúnwà jẹ́ kí a mọ̀ pé Àgbákò dé fìlà irin, ó wọ ẹ̀wù idẹ, ojú mẹ́rìndínlógún sì yí orí rẹ̀ ká. Èyí tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun èlò tí a nílò ni páálí, ìdérí ike omi, ẹ̀kọ gbígbóná tí a ó fi lẹ nǹkan, ẹfun àti èédú. Olùkọ́ ni yóò gé páálí bí adé tí ó lè yí orí ọmọ ká. Kí ó má ṣe bo ojú tàbí imú ọmọ rárá.

Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan to ogún ìdérí sílẹ̀, kí ó mú mẹ́rin kúrò, kí ó sì ka ìyókù. Ogún dín mẹ́rin ni mẹ́rìndínlógún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ka òǹkà yìí lórí ahọ́n láìmọ̀ pé ìyọkúrò wà nínú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá ti ṣe é, etí yóò gbọ́ ọ. Báyìí náà ni a ṣe lè kọ́ wọn ní mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún àti mọ́kàndínlógún.

Nígbà tí adé bá gbẹ, kí ọmọ kan dé e, kí àwọn yòókù ṣe àpèjúwe rẹ̀. Níhìn-ín ni àǹfààní èdè pọ̀ sí. Ọmọ tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé máa ń fẹ́ fi 'wọ̀' bo gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fìlà ni à ń dé, ẹ̀wù ni à ń wọ̀, ìró ni à ń ró, gèlè ni à ń wé, bàǹtẹ́ ni à ń sán. Kí olùkọ́ fi aṣọ kún ti Àgbákò díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan lè fara hàn.

A kò lè ṣàì mẹ́nu ba ìbẹ̀rù. Ó sàn kí a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́, kí a tó sọ ìtàn, nítorí ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ojú mọ́ páálí mọ̀ pé páálí ni. Èyí tí ẹ̀rù bá sì ń bà, kí a má fi ipá dé e lórí. Kí ó máa kun ẹfun. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí olùkọ́ má ṣe fi Àgbákò halẹ̀ mọ́ ọmọ tí ń pariwo. Lọ́jọ́ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, eré ti parí, ẹjọ́ òbí sì ti di àre.

Ní ìparí, kí a pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ náà, kí a sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Bí a bá tìtorí ìbéèrè wọn pa ẹ̀dá inú ìwé wa tì, àwọn ọmọ kò ní ṣàìmọ abàmì. Èyí tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọn yóò mọ̀.