Ìnàkí àti Omi Gbígbóná ní Yankari

Ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Kìíní àwọn Ọba mọ̀ pé ìnàkí wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá fún Sólómọ́nì. Èmi náà ti ka ibẹ̀ fún àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ní Mowe ní àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè bí ìnàkí ti rí, n kò rí èsì fún un.

Nítorí èyí ni àwa ará ìjọ mẹ́rìnlá láti Mowe, Ibafo àti Ifo, tàgbà tèwe, ṣe gbéra lọ sí Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. A sùn ní Jos. Ní ọjọ́ kejì a gba Bauchi kọjá, a sì yà wọ inú igbó lọ ní Dindima.

Igbó ọba náà ju 2,200 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ní ọdún 1962 ni a sì ṣí i fún àlejò. Erin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi Wikki ni ó fà wá. Ìdí àpáta ni ó ti ń sun jáde, ó mọ́ gaara tí a fi ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìgbóná rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n Celsius 31 ní ọ̀sán àti ní òru, ìbáà ṣe ìgbà ọyẹ́ tàbí ìgbà òjò. Kò sí ẹni tí ó dáná sí i lábẹ́ o. Inú ilẹ̀ jíjìn ni ó ti gbóná wá.

Òkè omi náà ni àgọ́ àlejò wà, níbẹ̀ ni a sì ti rí ìnàkí: ọ̀bọ tí ó tó ajá ńlá, tí ẹnu rẹ̀ sì gùn bí ti ajá. Agbo wọn ń rìn gbẹ̀rẹ̀ láàárín ilé bí onílẹ̀, àwọn ìyá pọn ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ kan nínú wa na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọ̀kan. Kíá, akọ ńlá kan tí a kò tilẹ̀ rí tẹ́lẹ̀ fò dé, ó wa eyín. Díẹ̀ ni ó kù kí ọwọ́ ọmọ náà bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Bí a ti ń fa ọmọ sẹ́yìn, òmíràn ti gbé àpò mi. Ìwé Orin ni ó kọ́kọ́ fà yọ; ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sọ ọ́ nù, ó sì gbé búrẹ́dì sá lọ.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dénú. Èmi olùkọ́ rẹ̀ ni mo fún ọmọ náà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìnàkí inú igbó kò mọ búrẹ́dì rí. Àwa àlejò ni a kọ́ ọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún àwọn ọmọ nípa Jigokudani ní ilẹ̀ Jàpáánì, níbi tí àwọn ọ̀bọ ti ń wọ inú omi gbígbóná lọ jókòó nígbà tí yìnyín bá bo òkè. Àwọn ọ̀bọ náà ti ń jẹ oko èso àwọn àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀, inú sì ń bí àwọn àgbẹ̀ sí wọn. Oúnjẹ ni a fi fà wọ́n wá sí àfonífojì yìí, a sì ṣí i fún àlejò ní ọdún 1964. Àwọn olùtọ́jú nìkan ni ó ń bọ́ wọn. Àlejò kò gbọ́dọ̀ fún wọn ní ohunkóhun, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ọmọ bi mí ìdí tí ti Wikki kì í fi í wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹni tí oòrùn ń pa yóò fi omi gbígbóná ṣe?

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọmọ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ bi mí bí ọ̀bọ ti wà ní Ibafo rí. Mo ní ó wà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ilé tó kún ẹ̀bá títì Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1978, bàbá mi a máa rán mi lọ ṣọ́ àgbàdo nítorí wọn. Ó ní kí n fi oko náà han òun bí a bá dé ibẹ̀. Mo fi í hàn án. Ilé epo ni ó wà níbẹ̀ báyìí.