Jíà tó rí bí àrọ: iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó fẹ́ gé e nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí dírìlì àtijọ́ tí káfíńtà ń fi ọwọ́ yí, ẹ ó ti rí jíà tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo lára rẹ̀. Òun ló ń darí agbára ọwọ́ gba igun. Bevel gear ni òyìnbó ń pè é. Bí eyín rẹ̀ bá kán, tí wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ di pàǹtí nìyẹn.

Èyí ló mú kí àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà máa gé e nílé lórí milling machine, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀bẹ yíyí gé irin. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àlàfo àárín eyín fẹ̀ níta, ó sì ń fún bó ṣe ń lọ sínú. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo kò lè fẹ̀ kó tún fún. Èyí tó lè gba ibi tó fún jù kọjá ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kọ́kọ́ gé àárín, wọ́n á yí irin náà díẹ̀, wọ́n á sún tábìlì ẹ̀rọ, wọ́n á ha ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kejì. Jíà eléyín 20 yóò gba gígé 60! Ẹni tó bá ṣi kíkà, irin ti ṣòfò.

Síbẹ̀, kò lè dà bí èyí tí ẹ̀rọ àkànṣe gé, irú èyí tí William Gleason ṣe ní Rochester, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1874. Ohun tí ọwọ́ ń yí jẹ́jẹ́ ló tọ́ sí. Ẹ má gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Kí wọ́n tó lò ó, wọ́n á kun eyín ìkejì rẹ̀ ní ọ̀dà búlúù, wọ́n á yí wọn pọ̀. Ibi tí ọ̀dà bá lẹ̀ mọ́ ni wọ́n á fi fáìlì ha.