Ewé Asúnwọ̀n Òyìnbó àti Làpálàpá

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn: bí ewé kan bá pa èbu tí ń fa làpálàpá nínú àwo àyẹ̀wò, ṣé ó ti di oògùn nìyẹn?

Làpálàpá kì í ṣe aràn. Èbu ni ó ń fà á, ìbátan èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́. Trichophyton ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Awọ ara, irun àti èékánná ni oúnjẹ rẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni a ti ń fi ewé asúnwọ̀n òyìnbó, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Senna alata, ra ojú rẹ̀.

Láti dán ewé yìí wò, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó sì rẹ ẹ́ sínú ọtí líle kí èròjà inú rẹ̀ lè jáde. A ó sẹ́ ẹ, ọtí yóò gbẹ kúrò, a ó sì fi ohun olómi kan po èyí tí ó bá kù. Lẹ́yìn èyí, a ó da ágà, tí ó máa ń dì bí ẹ̀kọ, sínú àwo pẹlẹbẹ. A ó fi èbu ra ojú rẹ̀, a ó sì lu ihò mẹ́ta sí i: ọ̀kan fún èròjà ewé, ọ̀kan fún ohun olómi náà lásán, ọ̀kan fún oògùn tí a ti mọ̀. Bí ohun olómi lásán bá lè dá èbu dúró, a kò gbọdọ̀ yin ewé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí èbu kò bá hù yí ihò ewé ká, a mọ̀ pé agbára wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ àyè náà nìkan kò tó, nítorí pé èròjà mìíràn a máa tàn kálẹ̀ nínú ágà ju èkejì lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń là á ní ìdajì-ìdajì, títí a ó fi mọ ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí ó lè dá èbu dúró. A ó tún gbé èbu náà lọ sí ibi tí kò sí ewé. Bí ó bá tún hù, kò kú, ó kàn sùn ni.

Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Èròjà inú ewé yìí pọ̀: rhein ń bẹ níbẹ̀, aloe-emodin ń bẹ níbẹ̀, kaempferol náà ń bẹ níbẹ̀. A ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí a tó mọ èyí tí ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ó ṣòro jù lọ nìyí: sẹ́ẹ̀lì èbu jọ tiwa ju ti bakitéríà lọ. Ìdí nìyí tí pẹnisílínì kò fi ràn án. Ohun tí ó bá pa èbu lè pa àwa náà lára, nítorí náà a gbọ́dọ̀ dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì ènìyàn pẹ̀lú. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé to irú èbu 19 tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbógun tì. Oògùn wọn kò sì pọ̀.

Ìdáhùn mi ni pé àwo àyẹ̀wò jẹ́rìí sí ewé, kò tí ì sọ ọ́ di oògùn. Bí làpálàpá bá sì wà lórí ọmọdé, ẹ gbé e lọ fún dókítà; oògùn tí a ń gbé mì ni ó ń dé gbòǹgbò irun, ewé tí a fi ra orí kì í dé ibẹ̀.