Ta Ni Yóò Lò Ó? Ẹ̀kọ́ láti Inú Ètò Àbíyè

Kí a tó ṣe ohun kan fún ènìyàn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò lò ó. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ti sọ èyí di ìmọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí ará Arákalé ní Àkúrẹ́.

Ní 2009, nígbà ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ètò Àbíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Ikú abiyamọ ni wọ́n ń bá jà. Ibi mẹ́rin ni wọ́n rí tí ìdádúró ti ń pa aláboyún: kí ó tó pinnu láti lọ gba ìtọ́jú, kí ó tó dé ibẹ̀, kí wọ́n tó dá a lóhùn, àti kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà nìkan kò lè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti àkọ́kọ́ wà nínú ilé, lọ́dọ̀ ọkọ àti ìyá ọkọ. Awakọ̀ ló mọ èkejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fún aláboyún ní fóònù, tí wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tí ń bẹ̀ wọ́n wò nílé.

Ìwé ìbéèrè dára fún kíka iye, ṣùgbọ́n obìnrin tí ojú ń tì kò ní kọ òótọ́ sínú rẹ̀. Ìjókòó tì í àti ìfetísílẹ̀ ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni yóò bi í.

Àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń fojú tín-ín-rín, mọ ohun tí ìwé kò mọ̀. Ètò Àgbẹ̀bíyè, tí ó dé ní 2014, pè wọ́n wọlé, kí wọ́n lè máa darí aláboyún sí ilé ìwòsàn.