Ìyé àti Ìtọ́jú Ọmọ Òwìwí: Àlàyé fún Agbègbè Ẹsẹ̀ Odò Ìlàjẹ

Ìfáárà
Láàrin àwọn Yorùbá, òwìwí jẹ́ ẹyẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù nítorí ìgbàgbọ́ tí ó so ó pọ̀ mọ́ àjẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò yọ agbègbè Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, láti Igbókọ̀dá títí dé Ayétòrò létí òkun. Bí ẹyẹ náà bá ké lórí òrùlé lóru, òkò ni ó sábà máa ń kàn. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí òwìwí ṣe ń yé, tí ó ń sàba, tí ó sì ń tọ́ ọmọ, kí ó lè hàn pé ẹni tí ó pa òwìwí kan lè pa ju ẹyẹ kan lọ. Irúfẹ́ tí àlàyé yìí dá lé ni òwìwí olójú funfun, Tyto alba, tí ó wà káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ìyé àti Ìsàba
Òwìwí yìí kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ihò igi, òkè àjà, tàbí abẹ́ òrùlé ilé tí ènìyàn ti kó kúrò ni ó ń yé sí. Egungun àti irun eku tí ó ti bì jáde, tí ó sì gbẹ, ni ó máa ń di ibùsùn ẹyin. Ẹyin 4 sí 7 ni ó sábà máa ń yé, nǹkan bí ọjọ́ 2 tàbí 3 sì máa ń wà láàrin ẹyin kan àti èkejì. Adìẹ a máa yé ẹyin rẹ̀ tán kí ó tó sàba. Ti òwìwí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí láti orí ẹyin àkọ́kọ́ ni abo ti ń sàba. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 30 sí 34, ọmọ àkọ́kọ́ a jáde, àwọn yòókù a sì tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, àkọ́bí lè fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju àbígbẹ̀yìn.

Ìtọ́jú Ọmọ
Abo nìkan ni ó ń sàba. Akọ ni ó ń dọdẹ. Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá jáde, agbára káká ni abo fi ń kúrò lọ́dọ̀ wọn, nítorí ọmọ tuntun kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Eku tí akọ bá gbé wá ni abo ń fà ya wẹ́wẹ́ sí wọn lẹ́nu. Bí eku bá pọ̀, gbogbo wọn lè yè. Bí ó bá wọ́n, àwọn ẹ̀gbọ́n ni ó sábà máa ń yè, tí àbúrò a sì kú. Àlàfo ọjọ́ orí wọn ni kì í jẹ́ kí ìyàn pa gbogbo wọn pọ̀.

Igbe tí ń já ènìyàn láyà pàápàá ní ìtumọ̀. Ní ọdún 2000, Alexandre Roulin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn ní Swítsàlandì jáde, pé kí òbí tó dé, àwọn ọmọ òwìwí a máa fi ohùn bá ara wọn dúnàádúrà. Èyí tí ebi ń pa jù a ké jù, àwọn tí ebi kò pa tó bẹ́ẹ̀ a sì fà sẹ́yìn fún un. Ó tó nǹkan bí oṣù 2 kí wọ́n tó lè fò.

Ìkádìí
Ẹni tí ó bá sọ òkò pa akọ ní àkókò ìsàba lè ti fi ebi pa gbogbo ìdílé náà. Eku tí wọn ìbá jẹ yóò sì kù nínú ilé, tí yóò máa jẹ ẹja gbígbẹ, tí yóò sì máa gé àwọ̀n. Ní orílẹ̀-èdè Malaysia, àwọn olóko ọ̀pẹ a máa kan àpótí fún ìbátan ẹyẹ yìí láti máa yé sí, kí ó lè bá wọn dín eku kù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òwìwí kan tí ó bà sórí òrùlé lóru lè jẹ́ bàbá tí ọmọ 5 ń dúró dè.