Ta Ló Ni Ìtàn Ọlọ́run àti Yemọja? Àríyànjiyàn Àwọn Olólùfẹ́ Géèmù SMITE àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣàlàyé àríyànjiyàn tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn géèmù SMITE máa ń ṣe lórí ìtàn àwọn òrìṣà tó wà nínú rẹ̀, pàápàá Ọlọ́run àti Yemọja. A fi hàn pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jiyàn jọ ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà wádìí ìtàn, ṣùgbọ́n ibi tí iyàn méjèèjì ń parí sí yàtọ̀. A dábàá ìbéèrè mẹ́rin tí olùkọ́ lè lò nínú kíláàsì láti ya àròsọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dà ìtàn, kí ó sì ya ẹ̀dà ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe.

Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú kíláàsì wa ní Jos kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ pé Ọlọ́run jẹ́ jagunjagun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jà, àti pé ó lè mú kí àkókò falẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́. A kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe. Nígbà tí a pè é, ó fi ìdánilójú sọ pé òun kò hùmọ̀ rẹ̀, pé inú ìtàn àwọn Yorùbá ni òun ti rí i. Ẹ̀yìn tí a bi í léèrè dáadáa ni a tó mọ̀ pé inú géèmù ló ti rí i. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn, tí òun náà ń gbá géèmù yìí, dá a lóhùn pé Ọlọ́run inú géèmù kò jọ èyí tí ìyá àgbà òun ń ké pè láàárọ̀. Wọ́n jiyàn títí aago fi lù. Àwa olùkọ́ ni a kò rí nǹkan kan sọ, nítorí pé a kò mọ géèmù náà rárá.

Ìtìjú ọjọ́ náà ló bí pépà yìí. Bí ọmọ bá ti inú géèmù kọ́ ìtàn òrìṣà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò lè ṣe bí ẹni pé a kò rí i. Àwọn tí a ń kọ́ lónìí ni yóò di olùkọ́ lọ́la, ohun tí wọ́n bá gbà gbọ́ ni wọn yóò sì gbé dé iwájú àwọn ọmọ kéékèèké.

Irú géèmù tí SMITE jẹ́

Hi-Rez Studios, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ló ṣe SMITE. Oṣù kẹta ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde ní kíkún. Nínú irú ìdíje rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ, ikọ̀ méjì ló ń pàdé, ènìyàn márùn-ún márùn-ún sì ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù yóò mú òrìṣà kan, yóò sì fi agbára rẹ̀ jà. Àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì, ti Róòmù, ti Íjíbítì, ti Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti ibòmíràn ti wà níbẹ̀ kí ti Yorùbá tó dé. Ọdún 2019 ni wọ́n fi Ọlọ́run kún un. Ní ọdún 2020 ni Yemọja tẹ̀ lé e.

Ilé-iṣẹ́ náà kọ ìtàn kúkúrú fún òrìṣà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún un ní agbára tó bá ìtàn náà mu. Agbára tó ga jù lọ́wọ́ Ọlọ́run inú géèmù ni pé ó ń mú kí àkókò falẹ̀ fún ọ̀tá, kí ó sì yára fún àwọn tirẹ̀. Yemọja a máa dáàbò bo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì máa wò wọ́n sàn. Dípò irú agbára tí àwọn yòókù ń ná, ohun tí Yemọja ń ná ni wọ́n pè ní Omi, orúkọ Yorùbá gan-an. Ẹnu àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rí ni ọ̀rọ̀ yìí wà báyìí. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ohun tí àwọn olólùfẹ́ géèmù ń jà sí

Bí eniyan bá fetí sí àwọn ọ̀dọ́ yìí, yóò rí i pé orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni iyàn wọn sábà máa ń dá lé.

Èkíní ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí Ọlọ́run wà lójú ogun rárá? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, òrìṣà ló ní ojúbọ, ère, àwòrò àti ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ọlọ́run, tàbí Olódùmarè, kò ní ojúbọ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í gbẹ́ ère rẹ̀. Bọ́lájí Ìdòwú ṣe àlàyé gbígbòòrò lórí Olódùmarè nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1962. Bí a bá wá ya Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tó wọ wúrà, tí ẹnikẹ́ni sì lè pa lójú ogun kí ó tún jí padà, kì í ṣe ìtàn nìkan la yí padà. Ipò tí Yorùbá fi Ọlọ́run sí la yí. Ó tún wà níbẹ̀ pé nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, orúkọ yìí náà ni wọ́n lò. Àwọn Mùsùlùmí wa náà ń pe Ọlọ́run. Nítorí náà, orúkọ tí Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe jọ fi ń gbàdúrà ni ilé-iṣẹ́ náà mú lọ sójú ìjà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ Yemọja. Àwọn kan ní òrìṣà odò ni, àwọn mìíràn ní òrìṣà òkun ni. Géèmù náà pè é ní òrìṣà odò. Àwọn tó ń jiyàn yìí kò ṣì í sọ níhà méjèèjì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, odò Ògùn ni a mọ̀ mọ́ Yemọja. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, ìjọsìn rẹ̀ bá wọn lọ. Ní Brazil, òun ni Iemanjá, òrìṣà òkun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ẹ̀bùn lọ bá létí òkun ní ìlú Salvador ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún. Ní Cuba, Yemayá ni wọ́n ń pè é, òkun náà ni wọ́n sì fi fún un. Odò àti òkun jẹ́ òótọ́, bí a bá ti sọ ibi tí a dúró sí.

Ẹ̀kẹta ni pé, ta ló ní àṣẹ láti sọ bí ìtàn ṣe rí? Yorùbá kọ́ ló kọ́kọ́ bi irú ìbéèrè yìí. Ní ọdún 2012, aṣáájú ẹ̀sìn Híńdù kan ní Amẹ́ríkà, Rajan Zed, fi ẹ̀hónú hàn lórí bí wọ́n ṣe ya Kali nínú SMITE. Ó ní abo-òrìṣà tí àwọn ènìyàn ń bọ ni, kì í ṣe ohun ìṣeré. Síbẹ̀, Kali kò kúrò nínú géèmù náà. A kò rí Jésù tàbí Ànábì Muhammad níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù náà ti kíyè sí èyí, wọ́n sì ń bi ara wọn pé kí ló dé tí ẹ̀sìn kan fi di eré tí òmíràn kò dì í. Ìbéèrè gidi ni.

Iyàn lórí ìtàn kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí a bá bi àwọn àgbà pé ta ló dá ilẹ̀ ayé ní Ilé-Ifẹ̀, ẹnì kan yóò ní Ọbàtálá ni Olódùmarè rán. Ẹlòmíràn yóò ní Ọbàtálá ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó mu ẹmu yó, Odùduwà sì ṣe iṣẹ́ náà dípò rẹ̀. Bí a bá tún ṣí ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní ọdún 1921, a ó kà níbẹ̀ pé Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá. Ẹ̀dà mẹ́ta nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn tó ni ín. Ẹ̀dà tí ìdílé Ọbàtálá ń sọ kò lè jọ èyí tí ilé ọba ń sọ. Ẹ̀dà tí Johnson kọ náà ní ìdí tirẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ géèmù náà mọ irú iyàn yìí. Bí ẹnì kan bá sọ ohun kan, wọn yóò bi í pé, níbo lo ti rí i? Ìkẹ́kọ̀ọ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni iyàn tiwọn ń parí sí. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ sí ni òótọ́ inú géèmù, ilé-iṣẹ́ náà sì lè yí i padà ní ọ̀la. Iyàn tiwa kì í parí sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ó ń lọ sí ẹnu babaláwo, sínú oríkì, sí ojúbọ, sí ìdílé tó ni ìtàn. Kò sí ẹnì kan tó lè pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé, síbẹ̀ kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó bá wù ú.

Àròsọ náà ní àyè tirẹ̀. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ó dá odindi igbó kan sílẹ̀ fún Àkàrà-Oògùn láti rìn nínú rẹ̀, ó sì fi àwọn ẹ̀dá tí ojú kò rí rí kún un. Kò sí ẹni tó gba ìwé náà bí ìtàn ìlú kan. Ní Cameroon, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ṣe bákan náà nínú géèmù Aurion tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016. Ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Enzo Kori-Odan àti ìyàwó rẹ̀ Erine ló wà níbẹ̀. Ìlú Zama tí wọ́n ti wá kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni àṣà Áfíríkà kún inú rẹ̀. Wọ́n mú ọgbọ́n àwọn baba, wọn kò mú orúkọ tí ẹnì kan fi ń gbàdúrà.

Ohun tí a lè ṣe nínú kíláàsì

A dábàá ìbéèrè mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ lè bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá bá ìtàn òrìṣà pàdé nínú géèmù, fíìmù tàbí ìwé:

1. Ta ló sọ ọ́, ta ló sì ń sọ ọ́ fún?
2. Ṣé ẹ̀dà ìtàn tí ìlú tàbí ìdílé kan ń sọ ni, àbí ẹnì kan ló hùmọ̀ rẹ̀?
3. Ta ni yóò dùn bí a bá sọ ọ́ báyìí, ta ni yóò sì bí nínú?
4. Kí ni àmì ohùn sọ nípa orúkọ náà?

Ìbéèrè kẹrin jẹ́ tàwa olùkọ́ èdè ní pàtàkì. Géèmù kì í fi àmì sí orúkọ. Bí a bá kọ "Ogun" láìsí àmì, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ̀ bóyá Ògún òrìṣà irin ni, tàbí odò Ògùn tí a mọ̀ mọ́ Yemọja, tàbí ogun tí à ń jà, tàbí ogún tí à ń jẹ. A fi àpẹẹrẹ yìí kọ́ àmì ohùn nínú kíláàsì, ó sì wọ àwọn ọmọ náà lára ju ìlànà inú ìwé lọ.

Jos fúnra rẹ̀ ní ohun èlò ìkọ́ni fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní ọdún 1952, wọ́n kọ́ àwòkọ àwọn ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà, odi Kánò àti mọ́ṣáláṣí Zaria sì wà lára wọn. Ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ Poland kan, Zbigniew Dmochowski, ti kọ́kọ́ rin ìrìn àjò kiri, ó wọn àwọn ilé náà, ó ya wọ́n sínú ìwé, kí a tó kọ́ àwòkọ wọn. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, àwọn ère amọ̀ Nok wà, èyí tí àwọn tó ń wa kùsà tíìnì kọ́kọ́ hú jáde. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ tí àwọn tó mọ wọ́n fún wọn. A lè mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, kí a ní kí wọ́n dá ayé kan sílẹ̀ fún ère Nok kan: kí wọ́n fún un ní orúkọ, ìlú àti èèwọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sí òkè ìwé pé àròsọ ni. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ìtàn òrìṣà kan tí ilé wọn mọ̀, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Ìyàtọ̀ iṣẹ́ méjèèjì ni ẹ̀kọ́ náà.

Ìṣọ́ra kan

Bí a bá ṣe ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Inú kíláàsì kan ní Plateau ni ọmọ Berom, Ngas, Tarok, Mwaghavul, Hausa, Igbo àti Yorùbá ti ń jókòó papọ̀, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí sì wà láàárín wọn. Ìlú yìí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lè dá sílẹ̀ bí a kò bá fi ọgbọ́n sọ ọ́. Nítorí náà, olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi géèmù ṣe ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ní yẹ̀yẹ́, kò sì gbọdọ̀ pe ìfẹ́ tí ọmọ ní sí géèmù ní ìbọ̀rìṣà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kí ó sọ ọ́ láti orí ìtàn ilé rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwọn ọmọ wa kò tíì gbàgbé orísun. Wọ́n ń wá a, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀ sí tiwa. A dábàá pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi àyẹ̀wò géèmù àti fíìmù kún ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ wo ohun tí àwọn ọmọ ń gbá kí ó tó bá wọn wí. Kí àwọn tó mọ ìtàn bá àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe géèmù ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè wọn ilé kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ wa yẹn, a dá ìwé rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin yìí. Ó padà lọ bi ìyá àgbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè. Èyí tó kọ lẹ́ẹ̀kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un.