Nígbà Tí Ṣíìfùtì Ń Pàṣẹ: Ètò Ojúmọ́ Ìdílé Ọlọ́mọ Láàárín Ìkẹjà àti Agége

Ètò ojúmọ́ ìdílé, ìyẹn bí jíjí, wíwẹ̀, oúnjẹ, iṣẹ́ iléèwé àti oorun àwọn ọmọ ṣe ń tẹ̀ léra láti àárọ̀ di alẹ́, kì í ṣe ohun tí bàbá àti ìyá nìkan ń dá pinnu láàárín Ìkẹjà àti Agége. Láti òpin àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí wọ́n sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń sùn ní Agége tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Àwọn ni Adrian Peace, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ ìwé lé lórí ní 1979. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni ẹ̀rọ wọn kì í sùn, nítorí náà wọ́n pín wákàtí 24 sí ṣíìfùtì mẹ́ta, tí í ṣe wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ tí òṣìṣẹ́ fi ń gba ipò ara wọn: ẹni tó ṣe àárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí lè bọ́ sí ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì kan òru lẹ́yìn náà.

Nínú irú ilé báyìí, ètò tí a fi aago nìkan dè kì í pẹ́ já. Èyí tó ń dúró ni ètò tí ohun kan ti ń fa òmíràn, bí àwọn àgbà ti ń ṣe nígbà tí kùtùkùtù, ìyálẹ̀ta àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń pín ọjọ́. Ní Agége, tí Mùsùlùmí ti pọ̀, ohùn ládàánì ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí: ọmọ tí kò tíì mọ aago wò mọ̀ pé lẹ́yìn iléèwé ni ilé kéwú kàn, àti pé bí wọ́n bá ti pe ìrun mọ̀gàríbì, eré ìta ti parí (àwọn ìyá onígbàgbọ́ pàápàá ń fi í pe ọmọ wọlé).

Oorun nìkan ni kò ṣeé fi ṣíìfùtì yẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà sọ ní 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Ọmọ tí yóò jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, nítorí pé balùwẹ̀ kan ni gbogbo yàrá inú ilé jọ ń lò, gbọ́dọ̀ ti sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ kó tó lè rí èyí tó kéré jù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àárọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ lálẹ́: omi á ti wà nínú garawa, wọ́n á ti lọ aṣọ iléèwé nígbà tí iná wà, bàtà á wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ṣíìfùtì òru ló nira jù. Bàbá ń wọlé bí àwọn ọmọ ti ń jáde, ìwọ̀nba àkókò tí wọ́n sì fi ń jẹ búrẹ́dì Agége pẹ̀lú ẹ̀wà ló lè fi yẹ ìwé wọn wò kó tó sùn. Ní Sátidé, tó bá jẹ́ yàrá kan ni wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé ìyá lọ sọ́jà, kí bàbá lè sùn lẹ́yìn kọ́tìnì. Bó bá jí lọ́wọ́ ọ̀sán, tí wọ́n dé, tí gbogbo wọn jókòó ti àwo kan, oúnjẹ alẹ́ ilé náà nìyẹn lọ́sẹ̀ yẹn.